Tí Ará Ìlú Bá Dìde, Kí Ni Àwọn Ará Òkèèrè Ń Wá?

Èyí ni àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ tí a sọ lórí ètò wa. A tún un tò díẹ̀ kó lè rọrùn láti kà.

 

Tí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ June 12 sílẹ̀ ní Ọjà'ba lónìí, láàárín àwọn tó ti gbọ́njú nígbà náà, ìdáhùn méjì lẹ máa gbọ́. Ẹnì kan á ní òyìnbó ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, pé àwọn ló fi tíì pa Abíọ́lá. Ẹnì kejì á ní ká má purọ́, tí kì í bá ṣe pé òyìnbó ṣú já Abacha ni, sójà ì bá ṣì wà lórí àlééfà. Èkíní sọ òyìnbó di apààyàn, èkejì sọ ọ́ di olùgbàlà.

Lójú tèmi, kò sí èyí tó kún nínú méjèèjì. Àwọn ará òkèèrè lágbára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ará ìlú bá tú sígboro lé ìjọba kan lórí, ohun tí àwọn ará òkèèrè sábà máa ń wá kọ́kọ́ ni kí ìlú rọ̀. Kí ìlú rọ̀, àti kí ìlú rí ohun tó torí rẹ̀ dìde gbà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ibi tí méjèèjì ti pàdé àti ibi tí wọn ò ti pàdé ni a máa wò lónìí. A máa bẹ̀rẹ̀ láti Ìbàdàn níbí, a ó dé Kùtọnú àti Lomé, a ó sì parí rẹ̀ sí Ouagadougou.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń gbà wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ni owó: kí wọ́n san án tàbí kí wọ́n dì í mú. Èkejì ni ìtẹ́wọ́gbà: kí wọ́n gbà pé ìjọba ni ẹ́, tàbí kí wọ́n lé ọ jáde nínú ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta ni ìlàjà: kí wọ́n rán àgbà kan wá láti bá tọ̀tún tòsì sọ̀rọ̀. Ẹ fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́kàn bí a ṣe ń lọ.

Owó orí àti owó epo

Ìbàdàn mọ ohun tí ìdìde ará ìlú jẹ́. Ní oṣù Kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ ya wọ Mápó, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ fìdí sí, lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni wọ́n ní àwọn máa san. Ìbọn dún, èèyàn kú, ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà sì wọ ọdún 1969. Nígbà tó yá, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Owó orí wálẹ̀, ìjà rọlẹ̀. Ilé ni wọ́n ti parí rẹ̀, nítorí pé owó tí ìjọba ń wá, ọwọ́ àwọn tó ń jà náà ló wà. Bí àgbẹ̀ bá kọ̀ tí kò san, ìjọba ìbílẹ̀ máa mọ̀ ọ́n lára.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1993 kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún náà ni a dìbò, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ti ẹgbẹ́ SDP sì ń borí Alhaji Bashir Tofa ti NRC kí ìjọba Ọ̀gágun Babangida tó wọ́gi lé ìbò náà ní ọjọ́ 23. Ìwọ́de bẹ̀rẹ̀, ọjà ń tì. Ní oṣù Kẹjọ, Babangida yẹ̀bá, ó gbé ìjọba fìdíhẹ lé Olóyè Ernest Ṣónẹ́kàn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá, Abacha gba gbogbo rẹ̀.

Nígbà náà, owó orí tèmi tìrẹ kọ́ ni sójà fi ń jẹun. Epo rọ̀bì tí wọ́n ń tà sókè òkun ló ń bọ́ wọn. Tí a bá ti ọjà pa ní Ọjà'ba àti ní Bẹẹrẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìyá tó ń ta èlùbọ́ ni ebi máa kọ́kọ́ pa. Kọ́bọ̀ kò ní yọ nínú owó tó ń wọlé sí Àbújá. Ẹni tó lè mú kí Àbújá mọ̀ ọ́n lára ni ẹni tó ń ra epo.

Àwọn òṣìṣẹ́ epo mọ èyí. Ní oṣù Keje 1994, lẹ́yìn tí wọ́n ti Abíọ́lá mọ́lé nítorí pé ó kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ, ẹgbẹ́ NUPENG bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, PENGASSAN dara pọ̀ mọ́ wọn. Epo mọ́tò wọ́n káàkiri, iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n epo tó ń lọ sókè òkun kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù Kẹjọ, Abacha tú ìgbìmọ̀ àwọn ẹgbẹ́ náà ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìyanṣẹ́lódì parí, Frank Kokori tó jẹ́ akọ̀wé NUPENG sì ti wà ní àhámọ́.

Kí wá ni àwọn ará òkèèrè ṣe? Wọ́n ṣe nǹkan, ká má parọ́ mọ́ wọn. Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ìjọba ilẹ̀ Yúróòpù dín ìrànlọ́wọ́ kù, wọ́n sì fi físà du àwọn ọ̀gá ológun. Nígbà tí ìjọba so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn rọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995, ìpàdé àwọn olórí Commonwealth ń lọ lọ́wọ́ ní Auckland, ní New Zealand. Ọjọ́ kejì ni wọ́n dá Nàìjíríà dúró nínú ẹgbẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè pe aṣojú wọn sílé. Nelson Mandela tiẹ̀ ní kí wọ́n má ra epo wa mọ́.

Ibẹ̀ ni gbogbo wọn dúró sí. Amẹ́ríkà ló ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú epo Nàìjíríà nígbà náà, kò sì dáwọ́ rírà dúró. Kí ọdún 1995 tó parí, ilé iṣẹ́ Shell àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ti ní àwọn ń bá iṣẹ́ gáàsì Bonny lọ. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí mo kà, wọ́n lo ìtẹ́wọ́gbà dáadáa, wọn ò sì jẹ́ fọwọ́ kan owó. Ìtìjú bá ìjọba Abacha, ṣùgbọ́n ebi kò pa á.

Àwọn ọmọ wa tó sá lọ sókè òkun gbìyànjú láti yí èyí padà. Olóyè Anthony Enahoro àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ń lọ láti olú ìlú kan dé èkejì. Láti ọdún 1996, Radio Kudirat ń sọ̀rọ̀ wọlé lórí rédíò. Iṣẹ́ wọn kò já sásán, torí pé wọn ò jẹ́ kí ayé gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò lè fipá mú ẹni tó ń rajà.

May Day 1998 ní Ìbàdàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1998, Abacha fẹ́ di ààrẹ alágbádá. Ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tí ìjọba fọwọ́ sí ló fà á kalẹ̀, òun nìkan. Bọ́lá Ìgè wá pe àwọn ẹgbẹ́ náà ní ìka márùn-ún lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀.

Wọ́n fẹ́ ṣe ìwọ́de àtìlẹ́yìn fún Abacha ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Ará ìlú kò gbà, wọ́n tú u ká. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ìfẹ̀hónúhàn ńlá ṣẹlẹ̀. Wọ́n kọlu ilé àwọn èèyàn ńlá tí wọ́n gbà pé ẹ̀yìn Abacha ni wọ́n wà, ọlọ́pàá yìnbọn, ẹ̀mí ṣòfò. Wọ́n kó Bọ́lá Ìgè, Láàmù Adéṣínà, Ọ̀lá Òní àti àwọn mìíràn. Alákòóso ológun ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmed Usman, pè wọ́n ní ẹlẹ́wọ̀n ogun.

Kí ni àwọn tó jáde lọ́jọ́ yẹn ń bèèrè? Ohun méjì ni. Wọ́n ní kí Abacha máa lọ. Wọ́n sì ní ìbò tí a dì ní 1993 kò gbọdọ̀ ṣègbé. Ẹ má gbàgbé pé méjì ni, torí pé ọ̀nà wọn máa tó pínyà.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, Abacha kú. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar gba ipò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó tú Ìgè, Kokori, Ọbásanjọ́ àti àwọn kan sílẹ̀. Abíọ́lá kò sí lára wọn. Ìgbà yìí ni ọ̀nà kẹta, ìlàjà, ṣí sílẹ̀. Kofi Annan, akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wá. Olóyè Emeka Anyaoku, akọ̀wé àgbà Commonwealth, wá. Àwọn méjèèjì rí Abíọ́lá ní àhámọ́. Lẹ́yìn ìpàdé tirẹ̀, Annan sọ fún àwọn oníròyìn pé Abíọ́lá kò ní lé oyè 1993 mọ́. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, àwọn aṣojú Amẹ́ríkà, Thomas Pickering àti Susan Rice, lọ rí i. Ibi ìpàdé náà ni àìsàn ti kì í mọ́lẹ̀, ó sì kú lọ́jọ́ náà.

Wọ́n gbé tíì wá níbi ìpàdé náà lóòótọ́, ibẹ̀ ni ìtàn tíì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà tó wá láti òkèèrè yẹ òkú wò, wọ́n ní àrùn ọkàn ló pa á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò gbà títí dòní. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ife tíì nìkan la ń jiyàn lé lórí, ohun tó jù bẹ́ẹ̀ lọ máa bọ́ mọ́ wa lójú: ohun tí wọ́n wá bá a sọ. Gbogbo àlejò yẹn, ibì kan náà ni ọ̀rọ̀ wọn forí lé, pé kí ó fi 1993 sílẹ̀ kí ìlú lè bẹ̀rẹ̀ ní àkọ̀tun. Ẹni tó ti wà ní àhámọ́ fún ọdún mẹ́rin, tí wọn ò jẹ́ kó mọ ohun tó ń lọ nígboro, ni wọ́n ní kó dá ìpinnu ṣe lórí ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó jáde ní May Day kò jókòó sí yàrá yẹn.

Bí àwọn ohun méjì ṣe pínyà nìyẹn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, Abdulsalami kéde ìbò tuntun, ó ní òun máa gbé ìjọba sílẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1999. Ọbásanjọ́ àti Olú Fálaè, ọmọ Yorùbá méjèèjì, ló díje. Láàmù Adéṣínà, ẹlẹ́wọ̀n ogun ìjọ́sí, di gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọjọ́ tí wọ́n búra fún ìjọba tuntun gan-an ni Commonwealth gbà wá padà. Sójà lọ, ìlú rọ̀. Ṣùgbọ́n ìbò 1993 dúró gẹ́gẹ́ bí ìbò tí wọ́n wọ́gi lé. Ọdún 2018 ni ìjọba Nàìjíríà fúnra rẹ̀ tó sọ June 12 di ọjọ́ ìjọba tiwantiwa, tó sì fi oyè GCFR dá Abíọ́lá lọ́lá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ló gbà, a ò sì rí ará òkèèrè kankan tó bá wa bèèrè rẹ̀.

Ohun tí Kùtọnú ṣe

Ẹnì kan lè ní, ṣé bí ọ̀rọ̀ ará òkèèrè ṣe máa ń rí níbi gbogbo nìyẹn? Rárá. Ẹ jẹ́ ká ré kọjá ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, ilẹ̀ àwọn ará Kétu, Sákétẹ́ àti Àjàṣẹ́.

Láti 1972 ni Mathieu Kérékou ti ń ṣèjọba níbẹ̀. Nígbà tó fi di 1989, àwọn báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ìjọba ò rówó oṣù gbà fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n yanṣẹ́ lódì, akẹ́kọ̀ọ́ tú síta. Kérékou kò ní epo rọ̀bì tó lè máa tà nìṣó bíi ti Abacha. Ọwọ́ Faransé àti Báńkì Àgbáyé ni owó wà, wọ́n sì ní àwọn ò ní tú u sílẹ̀ fún ìjọba tí kò bá yíwà padà. Níbẹ̀, ọ̀nà owó ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn ará ilé ṣe kí owó tó wọlé. Láti ọjọ́ 19 sí 28 oṣù Kejì 1990, nǹkan bí 500 aṣojú pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kùtọnú: òṣìṣẹ́, àgbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́, sójà, àlùfáà, àwọn tó ti wà ní ìgbèkùn. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló ṣe alága. Àpérò náà kéde pé ohùn òun ló kù, pé ohun tí òun bá pinnu ni ìjọba máa ṣe. Kérékou gbà. Wọ́n yan Nicéphore Soglo, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní Báńkì Àgbáyé, ní olórí ìjọba fìdíhẹ. Ní oṣù Kẹta 1991 ó borí Kérékou nínú ìbò. Nígbà tí àwọn ará òkèèrè fi máa jókòó, tábìlì ti wà nílẹ̀, ará ilé ló sì tò ó.

Owó náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́ o. Ní oṣù Kíní 1994, wọ́n dín iye owó CFA kù sí ìdajì ní gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná an, ìpinnu kan tí Faransé àti àjọ owó àgbáyé wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọjà tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbówó lórí gan-an. Ní 1996, àwọn ará Benin dìbò yọ Soglo, wọ́n dá Kérékou padà. Ṣùgbọ́n ìbò ni wọ́n fi yọ ọ́. Ìyẹn gan-an ni wọ́n dìde fún.

Lomé àti Ouagadougou

Tí ẹ bá tún rìn díẹ̀ síwájú láti Kùtọnú, ẹ dé Lomé. Àwọn ará Togo wo aládùúgbò wọn, àwọn náà ṣe àpérò ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ 1991, wọ́n yan Joseph Kokou Koffigoh ní olórí ìjọba. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọwọ́ Ààrẹ Eyadéma ni àwọn ọmọ ogun ṣì wà. Ní oṣù Kejìlá, sójà kọlu ọ́fíìsì Koffigoh, wọ́n sì mú un. Ó ti ké sí Faransé pé kí wọ́n gba òun. Faransé kó ọmọ ogun wá, ṣùgbọ́n Kùtọnú ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, wọn ò kọjá síbẹ̀. Eyadéma wà lórí oyè títí ó fi kú ní oṣù Kejì 2005.

Nígbà tí sójà gbé ọmọ rẹ̀, Faure, gorí oyè, ECOWAS yarí, wọ́n fìyà jẹ Togo títí Faure fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹrin wọ́n dìbò, wọ́n ní Faure ló wọlé, ará ìlú tú jáde. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní àwọn tó kú nínú rògbòdìyàn náà wà láàárín 400 sí 500. ECOWAS gba èsì ìbò náà. Wọ́n ti rí ìwé tó pé, kò sí ohun tí wọ́n tún ń wá mọ́.

Ìtàn Burkina Faso ni mo fi máa kádìí rẹ̀, torí pé ibẹ̀ ni ará ìlú ti dá alárinà lóhùn. Ní òpin oṣù Kẹwàá 2014, wọ́n lé Blaise Compaoré lọ lẹ́yìn ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìjọba fìdíhẹ ń múra ìbò lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gágun Gilbert Diendéré, ọmọ ẹ̀yìn Compaoré, dìtẹ̀ gbàjọba ní oṣù Kẹsàn-án 2015. ECOWAS rán Ààrẹ Macky Sall ti Senegal àti Boni Yayi ti Benin lọ. Àbá tí wọ́n mú jáde ni pé kí wọ́n forí ji àwọn adìtẹ̀, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Compaoré tí òfin ti yọ kúrò lè díje.

Ó jọ àbá ọdún 1998 wa: kí ìlú ṣáà ti rọ̀. Àwọn ará Ouagadougou ní àwọn ò gbà. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì, àwọn ọ̀dọ́ Balai Citoyen, tí ìgbálẹ̀ jẹ́ àmì wọn, dí ojú títì, àwọn ọmọ ogun láti ìgbèríko sì wọ́ wá sí olú ìlú láti kojú Diendéré. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìdìtẹ̀ já, ìjọba fìdíhẹ padà sípò. Wọ́n dìbò ní oṣù Kọkànlá. Lóòótọ́, sójà tún padà wá ní 2022, ìyẹn sì jẹ́ ìtàn ọjọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ní 2015, àwọn tó dìde mọ ohun tí wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì wà níbẹ̀ láti kọ ohun tó bá dín sí i.

Kí ni ká mú lọ sílé?

Tí a bá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síra, ohun tí mo rí nìyí. Níbi tí owó ìjọba ti wà lọ́wọ́ ará òkèèrè, wọ́n lè mú kó yí padà. Níbi tó ti jẹ́ pé àwọn ni oníbàárà, ìbáwí ẹnu ló máa ń pọ̀ jù. Ìtẹ́wọ́gbà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìbúra bá ti wáyé ló máa ń parí. Ìlàjà ló sì léwu jù, torí pé ẹni tó bá wà ní yàrá ni wọ́n ń bá là á.

Nítorí náà, nígbà míì tí ẹ bá gbọ́ lórí rédíò pé aṣojú kan ti ń bọ̀ wá pẹ̀tù sí aáwọ̀ ní orílẹ̀-èdè kan, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ń bọ́ ìjọba yẹn? Ta ni aṣojú náà fẹ́ rí, ta ni kò sì ní rí? Kí ni wọ́n máa rí tí wọ́n á fi ní ọ̀rọ̀ ti parí?

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Àwọn tó kú ní May Day kú fún ohun méjì, ọ̀kan ni a rí gbà lásìkò. Kì í ṣe pé àlejò gbé èkejì lọ. Nígbà tí àlejò dé, ẹni tí ìlú fẹnu kò sí pé kó sọ ọ́ fún wọn, tí kò sì ní gbà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò, kò sí nínú yàrá náà.

Ibi tí a máa dá a dúró sí lónìí nìyẹn. Tí ẹ bá wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ náà, ní Bẹyẹrúnká, ní Mápó tàbí níbikíbi, tí ẹ sì rántí ohun tí ẹ rí, ẹ fi ohùn yín ránṣẹ́ sí wa, a máa gbé e sí ètò tó ń bọ̀.